Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Tírélà Onínọ́ńbà Ilẹ̀ Òkèèrè Lójú Pópó Wa

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí láti Kàbà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàmọyè, Ìyàrà, Ìsánlú àti Mópà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù nìkan, kò sì yà wá lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà Ọbájánà sí Kàbà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 43, ni tírélà tí ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ ti ń gba àárín ìlú wa kọjá sí Èkìtì, sí Kwárà àti sí Èkó, àwọn mìíràn nínú wọn sì gbé nọ́ńbà tí kì í ṣe ti Nàìjíríà. A yan lẹ́tà 6 nínú èyí tí ó dé bá wa, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ọ̀kun o, ẹ̀yin Olóòtú. Àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ni èmi àti ìyàwó mi ń tà. Tírélà tí ń kó o wá fún wa láti Birnin Konni gbé nọ́ńbà orílẹ̀-èdè Niger. Nígbà tí a já ẹrù tán láìpẹ́ yìí, awakọ̀ náà ní kí n wá iṣu fún òun kí òun gbé e lọ sí Èkó ní owó pọ́ọ́kú, nítorí òun kò fẹ́ rìn lófìfo. Àwọn kan ní ibùdókọ̀ sọ pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ní ECOWAS ti dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pé kí a máa kó ẹrù wa lọ. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? — Alálùbọ́sà, Kàbà

Ẹ má gbọ́ ti apá méjèèjì. Ọkọ̀ náà kò nílò nọ́ńbà Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé iṣu yẹn lọ sí Èkó.

Ìwé àdéhùn tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979, lórí ìrìn-àjò àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, sọ̀rọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ó ní ọkọ̀ àdáni tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kí ó sì lo 90 ọjọ́, àti pé ọkọ̀ tí a fi ń pawó lè lo 15 ọjọ́. Ohun tí awakọ̀ ní láti fi hàn ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà, ìwé adójútòfò tí àwọn orílẹ̀-èdè náà jọ gbà, àti ìwé aṣọ́bodè tí gbogbo wọn mọ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá pé, nọ́ńbà tí ọkọ̀ náà gbé láti ilé rẹ̀ ti tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní àlejò: a kì í ní kí àlejò tún orúkọ sọ kí a tó fún un ní ìjókòó.

Níbi tí àwọn tó ní ECOWAS ti dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ti ṣìnà ni pé ìwé àdéhùn kan náà yìí fi gbólóhùn kan tì í pé láàárín 15 ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí a fi ń pawó kò gbọdọ̀ ṣòwò nínú ilẹ̀ tí ó wọ̀. Kí ó gbé àlùbọ́sà láti Konni wá sí Kàbà, iṣẹ́ àárín orílẹ̀-èdè méjì ni. Kí ó gbé iṣu láti Kàbà padà sí Konni, iṣẹ́ àárín orílẹ̀-èdè méjì náà ni. Ṣùgbọ́n kí ó gbé iṣu láti Kàbà sí Èkó, iṣẹ́ abẹ́lé Nàìjíríà ni, àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ yìí tí wọ́n san owó orí ọkọ̀ níhìn-ín, tí wọ́n gba nọ́ńbà níhìn-ín, tí wọ́n sì ń gba ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ níhìn-ín lọ́dọọdún ni a fi sílẹ̀ fún. Ó dùn mọ́ oníṣòwò láti rí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ bí owó ọkọ̀ ṣe ń jẹ èrè oníṣu. Síbẹ̀, owó pọ́ọ́kú tí awakọ̀ náà dá lé e, ohun tí ó mú un rọrùn ni pé kò san ohun tí ẹni kejì rẹ̀ ní Kàbà ń san. Bí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà, ẹrù yín ni yóò wà lórí ọkọ̀ náà, iṣu kì í sì í dúró de ìwádìí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ náà má padà lófìfo, ẹ wá iṣu tí ń lọ sí Niger fún un, torí wọ́n ń ra iṣu wa dáadáa lọ́hùn-ún. Ẹ ó gba ìwé-ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ àjọ tí ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ẹnubodè, èyí tí a mọ̀ sí NAQS, ẹ ó sì kọ fọ́ọ̀mù NXP, ìwé tí a fi ń forúkọ ọjà tí ń lọ sókè òkun sílẹ̀, ní báńkì kí ẹrù tó jáde. Ẹ má fi àgbàdo kún un. Àgbàdo wà nínú ohun tí ìjọba Nàìjíríà kò gbà kí a kó jáde, bẹ́ẹ̀ náà sì ni pákó, yálà èyí tí a ti là tàbí èyí tí a kò tíì là.

Ẹ lè máa rò ó pé Niger ti kúrò nínú ECOWAS. Òótọ́ ni: ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025 ni ìjáde Niger, Mali àti Burkina Faso di òfin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni ECOWAS sọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó kù pé kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀ tó ní àmì àjọ náà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì máa ṣe sí ẹrù wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí a ó fi gbọ́ nǹkan mìíràn. Nítorí náà àlùbọ́sà tí wọ́n wú nílẹ̀ Niger ṣì ń wọlé láìsan owó bodè. Ọ̀rọ̀ “títí a ó fi gbọ́ nǹkan mìíràn” yẹn ni kí oníṣòwò fi etí sí, nítorí ẹnubodè kan náà yìí ni ìjọba Nàìjíríà tì pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, kò sì ṣí i títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹni tí ó ti san owó àlùbọ́sà sílẹ̀ nígbà náà kò ní gbàgbé.

Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí i yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Sábẹ, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ó ní tírélà kan tí ó fẹ́ tà fún mi, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì èyí tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin. Ó ní kí n má wulẹ̀ yọ nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Pé kí n máa fi í kó símẹ́ńtì láti Ọbájánà, kí n sì máa gba Chikanda kọjá bodè ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún-kẹẹ̀ẹ́dógún, kí n padà wọlé lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òfin gbà á. — Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, Ẹ̀gbẹ̀

Òfin kò gbà á, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má san kọ́bọ̀. A mọ̀ pé kì í ṣe ibi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín rò sí yín, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè bodè gbà pé ọgbọ́n yìí wà. Ohun tí wọ́n gbójú fò ni pé kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan ni òfin ń wò. Símẹ́ńtì tí ẹ gbé láti Ọbájánà lọ sí Ìlọrin, ẹrù abẹ́lé ni, ì báà jẹ́ ọjọ́ kìíní tí ọkọ̀ náà wọlé ni ẹ gbé e. Lọ́jọ́ kìíní yẹn gan-an ni ẹ ti rú òfin, kò sì sí iye ìgbà tí ẹ lè yí ká Chikanda tí yóò wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Èyí tó tún wúwo jù ú lọ ni pé ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ẹ̀gbẹ̀ ni ẹ ó di olówó ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kì í ṣe àlejò mọ́, ọjà tí a kó wọlé láti òkèèrè ni lójú aṣọ́bodè. Ọjà òkèèrè ń san owó bodè. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti di kókó ni pé láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, ì báà jẹ́ tuntun tàbí àlòkù. Èbúté ojú omi nìkan ni ọkọ̀ lè gbà wọlé kí ó sì ní ìwé. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ san owó bodè tírélà yẹn ní Chikanda pẹ̀lú ọkàn kan, kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Fàyàwọ́ ni orúkọ tí wọn yóò pè é, gbígbẹ́sẹ̀lé ọkọ̀ sì ni ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìforúkọsílẹ̀ ṣe ń lọ, kí ẹ lè rí ìdí tí kò fi sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni ó ń ṣe nọ́ńbà ọkọ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń tà á fún ọlọ́kọ̀. Lẹ́tà pupa ni ti ọkọ̀ tí a fi ń pawó, búlúù ni ti àdáni. Kí wọ́n tó fún yín ní nọ́ńbà, wọn yóò béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin ni ẹ ni ọkọ̀ náà àti ìwé aṣọ́bodè tó fi hàn pé owó rẹ̀ ti di sísan. Ọkọ̀ tí kò gba èbúté wọlé kò lè ní èkejì yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín “ṣe ìwé” rẹ̀, ayédèrú ni yóò ṣe, orúkọ yín ni yóò sì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí èrè yóò fi wọ ẹbí yín láìrú òfin. Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín má ta ọkọ̀ náà. Kí ó wà ní orúkọ rẹ̀ ní Sábẹ, kí ó máa san owó rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ó sì máa fi í gbé ẹrù láti Bẹ̀nẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ yín àti láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Kí ẹ̀yin jẹ́ ẹni tí ń wá ẹrù sílẹ̀ fún un níhìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé símẹ́ńtì abẹ́lé, tírélà oníwèé Nàìjíríà ni kí ẹ wá, bí ó tilẹ̀ gba sùúrù àti àjọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yín.

Ọkọ̀ onínọ́ńbà Tógò kan tó ń bá ọ̀gá mi gbé ẹrù bàjẹ́ sí ẹ̀yìn Ọ̀múò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni. A kò lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ kí 15 ọjọ́ tó pé. Kí ni ṣíṣe? — Mẹkáníìkì, Ìyàmọyè

Kí awakọ̀ náà má dúró di ọjọ́ kẹrìndínlógún. Kí ó mú ìwé ìwọlé rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ní bodè, kí ó lọ sí ọ́fíìsì aṣọ́bodè tó súnmọ́ ọn jù, kí ó kọ̀wé síbẹ̀ pé ọkọ̀ òun bàjẹ́, kí ẹ̀yin náà kọ ohun tí ẹ rí lára ẹ́ńjìnnì náà, kí ó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí padà. Ìwé tí a kọ kí ọjọ́ tó pé, àlàyé ni. Èyí tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀, àwáwí ni wọn yóò pè é. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n já ẹrù náà sórí ọkọ̀ mìíràn kí aṣọ́bodè tó mọ̀, pàápàá bí èdìdì bá wà lára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bá a dúnàádúrà táyà tàbí ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó náà, kí ó kọ̀, nítorí bí ọkọ̀ ti wọlé ni ó ṣe gbọdọ̀ jáde.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ̀yin Olóòtú. Opó ni mí. Tírélà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe ti Nàìjíríà fi ẹ̀yìn wó ògiri ọgbà mi, ó sì ṣe ọmọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léṣe lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ náà bẹ̀ mí, ó fún mi ní owó díẹ̀, ó sì ní bí mo bá jẹ́ kí òun lọ, òun á fi ìyókù ránṣẹ́. Àwọn aládùúgbò ní kí n gbà, pé kò sí ilé-ẹjọ́ tí mo lè gbé ẹni tí ń gbé òkèèrè lọ. Ọkọ̀ náà ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. — Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìyàrà

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò wo ẹsẹ̀ ọmọ náà sàn. Ẹ má gba ìlérí. Kò dìgbà tí ẹ bá wá awakọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ kí ẹ tó rí owó yín gbà, nítorí irú ọ̀ràn yín gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ dá káàdì kan sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1982, ní Kútọ́nu, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn káàdì adójútòfò tí gbogbo ayé ń pè ní Brown Card. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ọlọ́kọ̀ ń bá ṣe ní ìlú rẹ̀ ni ń fún un. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá ṣe ẹlòmíràn léṣe ní orílẹ̀-èdè tó lọ, ọ́fíìsì Brown Card ti orílẹ̀-èdè tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀ ni yóò bójú tó ẹ̀sùn, yóò sanwó fún ẹni tí wọ́n ṣe léṣe, yóò sì padà gba owó rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti wá. Òfin ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń lò, kì í ṣe òfin ìlú awakọ̀. Fún yín, Èkó ni ọ́fíìsì náà wà, òfin Nàìjíríà ni yóò sì sọ ohun tó tọ́ sí yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe lónìí kí wọ́n tó dá ọkọ̀ náà sílẹ̀ ni èyí. Ẹ bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá kí ó jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀wé bá yín ya fọ́tò Brown Card náà níwájú àti lẹ́yìn, kí nọ́ńbà káàdì, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó fún un àti ọjọ́ tí yóò parí hàn kedere. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ògiri náà. Ẹ gba ìwé ìròyìn ọlọ́pàá, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì ilé ìwòsàn, bẹ̀rẹ̀ láti orí báńdéèjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì Brown Card ti Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò èyíkéyìí tó lórúkọ ní Lọ́kọ́ja lè fún yín ní àdírẹ́sì rẹ̀.

Nípa ti ògiri, láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tí ń ṣàkóso adójútòfò ní Nàìjíríà, ti sún owó ìdójútòfò ẹni-kẹta ti tírélà tí a fi ń pawó sí 100,000 náírà lọ́dún, tí ó sì gbé iye tí wọ́n lè san fún dúkìá tó bàjẹ́ dé mílíọ̀nù 5 náírà. Ògiri ọgbà kò lè tó bẹ́ẹ̀. Owó díẹ̀ tí awakọ̀ ti fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ìtọ́jú ọmọ ni. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí ẹ bá wá rí i pé kò ní Brown Card rárá, ọ̀rọ̀ yí padà. A jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì ní ìdí láti bẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n má jẹ́ kí ó kúrò ní àgọ́ náà títí olówó rẹ̀ yóò fi yọjú. Àwọn agbẹjọ́rò tí ìjọba ń sanwó fún láti ran aláìní lọ́wọ́ wà ní Lọ́kọ́ja.

Olóòtú, ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ kan fẹ́ gbé iṣu lọ sí Accra fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ wa ni a ó lò, nọ́ńbà Kogí ló gbé. Ṣé a ó gba nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀, ti Tógò àti ti Gánà ni? Ṣé a ó san owó bodè ní ìlú kọ̀ọ̀kan? Báwo ni ẹrù ṣe gbọdọ̀ wúwo tó? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìsánlú

Ohun tí a sọ fún Alálùbọ́sà ni yóò ṣiṣẹ́ fún yín ní ìdà kejì: nọ́ńbà yín ti tó títí dé Accra. Ẹ lẹ àmì orílẹ̀-èdè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, lẹ́tà dúdú WAN lórí funfun, nítorí WAN ni Nàìjíríà ń jẹ́ lójú pópó àgbáyé. Ẹ gba Brown Card lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó kúrò nílé. Kí awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Ti owó bodè, orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń kọjá lásán kì í gba owó orí rẹ̀. Àdéhùn kejì tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọ́nu lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Brown Card ni ó dá ètò tí àwọn onífaransé ń pè ní TRIE sílẹ̀. Aṣọ́bodè yóò yẹ ẹrù wò níbi tó ti gbéra, yóò fi èdìdì dí i, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí yóò máa bá ọkọ̀ lọ. Onídùúró kan gbọdọ̀ wà tí yóò sanwó bí ẹrù bá já sílẹ̀ lọ́nà, nítorí ìbẹ̀rù gbogbo aṣọ́bodè ni pé kí ẹrù tí wọ́n ní ń lọ sí Gánà má lọ di títà ní Kútọ́nu. Ẹ wá ẹ́jẹ́ǹtì tó ti ṣe é rí ní Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Iṣu tútù, gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀gbìn tí a kò tíì fi ẹ̀rọ ṣe, kò nílò ìwé-ẹ̀rí pé Nàìjíríà ni ó ti wá kí wọ́n tó gbà á láìsan owó bodè ní Gánà, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ìwọ̀n ẹrù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ wa ti ń kọsẹ̀, nítorí a ti mọ́ dídi ẹrù títí táyà yóò fi sunkún lára. Òfin ECOWAS kò gbà ju tọ́ọ̀nù 11.5 lọ lórí ọ̀pá kan tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Bí wọ́n bá wọn ọkọ̀ yín tí ó lé, wọn yóò ní kí ẹ já èyí tó lé sílẹ̀, owó àwọn tó já a àti àyè tí ẹ ó kó o sí sì di tiyín. Òfin náà nídìí. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, wọ́n wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí ọ̀nà àdánwò kan ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé bí ẹrù orí ọ̀pá kan bá fi ìdá márùn-ún kan pọ̀ sí i, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún ọ̀nà ń di ìlọ́po méjì. Bí ẹrù náà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ rẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀ kò nílò kí a mú un lọ sí Illinois kí ó tó gbà.

Nígbà tí ẹ bá sì já iṣu ní Accra, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹrù tí ń lọ sí Kumasi, ìlú mìíràn ní Gánà, lọ̀ yín. Ẹ̀yin ni àlejò lọ́hùn-ún.

Àbúrò mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Kánádà, ó sì ń wọ Amẹ́ríkà ní gbogbo ìgbà. Ó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni òun ń lò fún orílẹ̀-èdè méjèèjì, kò sì sí ẹni tó ń ka ọjọ́ fún òun. Kí ló dé tí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀? — Olùkọ́ tó fẹ̀yìntì, Mópà

Ohun tí àbúrò yín sọ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ 48 nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú olú-ìlú wọn, àti ẹkùn 10 ti Kánádà ní àdéhùn kan lórí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń pè ní IRP. Ọlọ́kọ̀ ń forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn kan ṣoṣo tó fi ṣe ilé, ó sì ń kọ iye máìlì tí ọkọ̀ rẹ̀ rìn ní ibòmíràn sílẹ̀. Ẹkùn ilé yẹn ni yóò gba gbogbo owó náà, tí yóò pín in fún àwọn yòókù gẹ́gẹ́ bí ìrìn ọkọ̀ náà ti tó lọ́dọ̀ wọn. Àdéhùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní IFTA ń ṣe bákan náà fún owó orí epo. Ìyàtọ̀ sí tiwa nìyí: tiwọn ń pín owó, tiwa ń pín ọjọ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, orílẹ̀-èdè tí àlejò wọ̀ kò rí nǹkan gbà nínú owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, nítorí náà ó fi 15 ọjọ́ dín ìwúlò ọ̀nà rẹ̀ kù fún un. Lójú tèmi, tiwọn dára jù, ṣùgbọ́n ó gba kí a lè gba àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ ara wa gbọ́ láti ọ́fíìsì kan sí èkejì, a kò sì tíì débẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín kù sí ni ti ẹrù abẹ́lé. Ẹ bi í léèrè. Ó lè gbé ẹrù láti Toronto lọ sí Chicago, ó sì lè gbé òmíràn láti Chicago padà sí Kánádà, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ẹrù láti Chicago lọ sí Atlanta, ó ti rú òfin Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tí ó gbé kò sì ní gbà á sílẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yìí díẹ̀ láàárín ara wọn: ọkọ̀ tó bá gbé ẹrù wọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ wọn lè gbé ẹrù abẹ́lé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ 7, àti láti oṣù Kejì ọdún 2022, ó ní láti fi ọjọ́ 4 sinmi kí ó tó tún lè fi ọkọ̀ kan náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn.